Wíwo ẹyẹ létí ọ̀sà lóṣù kẹwàá: Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àbí Àgbádárìgì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tísà_Ibeshe
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará wa. Tísà bàólọ́jì ni mí lápá Ibeshe níbí. Mo ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì, SS1 àti SS2, wọn ò ju méjìlá lọ, mo sì fẹ́ kó wọn jáde ní Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá kí wọ́n lọ wo àwọn ẹyẹ tó ń ti ilẹ̀ òyìnbó sá fún òtútù wá sọ́dọ̀ wa. Mo ti kọ́ wọn ní kíláàsì pé àwọn ẹyẹ yìí ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kí wọ́n tó débí, ẹnu sì yà wọ́n, àmọ́ ibi tí màá mú wọn dé tí wọ́n á fi ojú ara wọn rí i ni mò ń wá. Ṣé ká dúró létí ọ̀sà tiwa níbí, láti Majidun dé Bayeku, àbí ká lọ Ẹ̀pẹ́, àbí ká kúkú jí lọ Àgbádárìgì? Ṣé dandan ni ká wọ ọkọ̀ ojú omi? Aago mélòó ló dáa? Bainókúlà méjì péré la ní, owó táwọn òbí lè dá ò pọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni wọ́n fún wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí omi.

OmoEpe_Gangan
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Tó bá ṣe tèmi ni, oṣù kẹwàá ti yá jù. Ẹyẹ ò kì í pọ̀ létí omi àfi tí ọyẹ́ bá dé, oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ìgbà yẹn lẹ máa rí lékeléke funfun báláú káàkiri. Ẹ sún un síwájú, òjò náà á ti lọ nígbà yẹn.

Alawo_Eye
@OmoEpe_Gangan mo gbọ́ ọ o, àmọ́ lékeléke kọ́ ni ẹyẹ tí Tísà ń wí. Lékeléke kì í lọ ilẹ̀ òyìnbó, inú Áfíríkà níbí ló ń rìn, tí òjò bá ti wọlé á gòkè lọ sápá Òkè Ọya lọ yé ẹyin, tí ilẹ̀ bá fẹ́ máa gbẹ á padà sísàlẹ̀ wá bá màlúù, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ọyẹ́ ló ń gbé e bọ̀. Àwọn tí Tísà ń wá ni àwọn ẹyẹ tó ń fi ẹnu tú ẹrọ̀fọ̀ kiri etí omi, àwọn yẹn ò dúró de ọyẹ́ rárá. Àwọn kan nínú wọn ti ń dé láti oṣù kẹjọ, oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni wọ́n ń wọlé jù, tó bá sì di oṣù kẹta sí ìkarùn-ún wọ́n á ti máa padà lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú oṣù kẹwàá ni pé àwọn kan á ti fìdí kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn kan á ṣì máa kọjá lọ sísàlẹ̀ Áfíríkà, ẹ lè bá oríṣiríṣi pàdé lójúkan.

Tísà, èyí tó máa rọrùn jù fáwọn ọmọ láti dá mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Common Sandpiper. Kékeré ni, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju bíi 50 gíráàmù lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, inú ẹ̀ funfun, funfun yẹn sì yọ sókè díẹ̀ láàárín àyà àti ìyẹ́. Kò lè dúró jẹ́ẹ́, ìdí ẹ̀ ń mì sókè sódò ṣáá ni. Etí jẹ́tì, orí òkúta, ibi tí gọ́tà bá ti já sínú ọ̀sà, ibẹ̀ lẹ máa bá a, òun nìkan lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá fò, á fò sún mọ́ ojú omi báyìí, ìyẹ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, á dúró gan-an, á tún gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá Whimbrel, òun tóbi dáadáa, ẹnu ẹ̀ gùn ó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ bíi dòjé, akàn ló fẹ́ràn, nítorí náà ibi tí igi ẹ̀gbà bá wà tí akàn gbẹ́ ihò síbẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Greenshank ní ẹsẹ̀ tó dà bí àwọ̀ ewé, ẹnu ẹ̀ tẹ̀ sókè díẹ̀, tó bá fò á ké lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ máa gbọ́ igbe ẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ringed Plover kúrú, ẹnu ẹ̀ kúrú, ọ̀já dúdú kan wà láyà ẹ̀, á sáré díẹ̀ á dúró, á sáré díẹ̀ á dúró.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ eléyìí torí ó ń da àwọn èèyàn láàmú: fọ́tò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó rẹwà jù ni wọ́n ń fi síbẹ̀, àwọ̀ tí ẹyẹ náà máa ń ní nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin lọ́hùn-ún. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa tàbí kété tó bá dé, púpọ̀ nínú wọn á ti pa àwọ̀ dà di eérú lára, inú á funfun. Tí àwọn ọmọ bá ń wá ẹyẹ pupa wọn ò ní rí i. Kí wọ́n wo ẹnu, kí wọ́n wo ẹsẹ̀, kí wọ́n wo bó ṣe ń jẹun. Àwọ̀ ló gbẹ̀yìn.

BabaApeja_Bayeku
Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń pẹja lójú omi yìí. Ohun tí Aláwò sọ nípa oṣù dáa, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba omi, omi gan-an ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹyẹ wọ̀nyẹn ò lè jẹun níbi tó jìn, ẹsẹ̀ wọn ò gbà á, ìgbà tí omi bá fà tí ẹrọ̀fọ̀ yọ síta ni oúnjẹ wọn ń hàn. Omi ọ̀sà yìí ń kún ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó bá kún á tó wákàtí mẹ́fà lé díẹ̀ kó tó fà tán, lọ́jọ́ kejì gbogbo ẹ̀ á sún síwájú tó ìṣẹ́jú 50. Nítorí náà kí tísà má kàn mú aago mẹ́fà àárọ̀ torí pé wọ́n ní àárọ̀ ló dáa, tí omi bá kún lásìkò yẹn, ewé àti ike lẹ máa wò.

Àkókò omi tí wọ́n ń kọ sórí fóònù, ti ẹnu òkun Èkó ni. Ó ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ bi àwọn apẹja lọ́jọ́ tó ṣáájú, a máa sọ fún yín láìgba kọ́bọ̀. Ìgbà òṣùpá tuntun àti ìgbà àrànmọ́jú ni omi ń fà jìnnà jù, ẹ wo òṣùpá kí ẹ tó mú Sátidé yín.

Èkejì, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni odò Ògùn ń kún. Tí wọ́n bá tún ṣí omi dáàmù Oyan, Ajegunle àti Majidun ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Omi yẹn á gbé ọ̀sà ga, kódà nígbà tó bá fà, ẹrọ̀fọ̀ tó máa yọ ò ní pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ò dá mi lójú, ìparí ẹ̀ ló sàn.

Seun_Badagry
Ẹ̀yin ará Ìkòròdú ẹ jọ̀ọ́ ẹ kó àwọn ọmọ yẹn wá Àgbádárìgì! Wàhálà omi kíkún omi fífà tí Bàbá ń wí yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú odò wa níwájú Marina, torí ó jìnnà sẹ́nu òkun, ẹ gba orí ẹ̀ kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ rìn gba ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà, ẹ bọ́ sétí òkun gan-an. Nínú yanrìn yẹn lẹ máa rí Sanderling, ẹyẹ funfun kékeré, tí ìgbì bá padà á sáré tẹ̀ lé e lọ ṣa nǹkan jẹ, tí ìgbì bá ń bọ̀ á sáré padà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan omi. Apá òkè téńté ayé ni ìyẹn ti ń wá, Greenland àti Siberia. Àwọn ọmọ ò ní gbàgbé ẹ̀ láé. Àwọn tern náà wà, ẹyẹ òkun tó ń mú ẹja jẹ, èyí tí ẹnu ẹ̀ dúdú tí ṣóńṣó ẹnu yẹn pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, Sandwich Tern, ti Yúróòpù ni, èyí tó tóbi tí gbogbo ẹnu ẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, kì í ṣe ará Yúróòpù, apá Sẹ̀nẹ̀gà àti Mauritania ló ń yé sí. Kí ni ẹ̀ ń wá nínú ẹrọ̀fọ̀?

IyaAgba_Itoikin
Ṣeun ọmọ mi, etí òkun dáa, kò sẹ́ni tó jiyàn. Àmọ́ ìwọ náà wo ibi tí Ibeshe wà sí Àgbádárìgì. Kí wọ́n kọjá Mile 12, kí wọ́n dé Mile 2, kí wọ́n tún kojú ọ̀nà Badagry yẹn, kí wọ́n sì padà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ? Oòrùn á ti ga kí wọ́n tó débẹ̀, ẹyẹ á ti sinmi, àwọn ọmọ á sì ti rẹ̀ kí wọ́n tó gbé bainókúlà sójú. Fi tìẹ kalẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá lè sùn síbẹ̀.

Tísà, tí ẹ bá kọrí sọ́nà Ẹ̀pẹ́ dípò ẹ̀, ẹ ò ní kábàámọ̀. Lápá Itoikin níbí a ní oko ìrẹsì. Ibi tí omi bá ti dúró pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láàárín ìrẹsì, tí kò ju kókósẹ̀ lọ, ẹyẹ etí omi wà níbẹ̀ lóṣù kẹwàá, kódà ìgbà tí ẹrọ̀fọ̀ ọ̀sà bá bò, mo rò pé àwọn kan ń sá síbẹ̀ ni. Ẹ máa rí Wood Sandpiper tó ní tótòtó funfun lẹ́yìn, ẹ máa rí Black-winged Stilt, ẹsẹ̀ pupa tó gùn débi pé ẹ ò ní béèrè orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ olóko o, kí àwọn ọmọ má sì tẹ ìrẹsì mọ́lẹ̀, orí ebè nìkan ni kí wọ́n máa rìn. Wọ́n ń lé ẹ̀gà nínú oko yẹn torí ó ń jẹ ìrẹsì, tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo agolo àti igbe, ẹyẹ tiyín kọ́ ni wọ́n ń lé.

Tí ẹ bá tún sún síwájú dé Ẹ̀pẹ́, omi tibẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí, omi tútù ni, iyọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀ bíi tọ̀sà Ìkòròdú. Ìdí nìyẹn tí òṣíbàtà fi pọ̀, ibi tí òṣíbàtà bá sì wà, ẹ máa rí ẹyẹ kan tó ń rìn lórí ewé bí ẹni tó ń rìn nílẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn gan-an ni ewé ò fi rì. Jacana lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ará ilé ni, kì í ṣe àlejò, àmọ́ ẹ sọ fáwọn ọmọ pé akọ ẹ̀ ló ń sàba, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ, á kó wọn sábẹ́ ìyẹ́ tí ewu bá dé. Abo á ti wá akọ mìíràn lọ.

Seun_Badagry
Mà mo gbà pé ó jìnnà. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé tiwa náà ní omi tútù o, odò Yewa ló ń já sínú ẹ̀. Ohun tó ń dà wá láàmú ni ewé orí omi yẹn, water hyacinth, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà láti apá Porto-Novo ní 1984. Lásìkò òjò á bo omi mọ́lẹ̀ ọkọ̀ ò ní lè kọjá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ bá wọlé ló ń kú. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń gorí ẹ̀ wọdẹ náà ṣá.

OmoEpe_Gangan
@Alawo_Eye mo ti gbọ́ ti lékeléke yẹn. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìyá wa ní kò sígbà tí kì í sí.

Alawo_Eye
Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ onílé, abẹ́ afárá àti òrùlé ni wọ́n ń mọ ilé amọ̀ wọn sí. Èyí tó ń ti Yúróòpù wá, ọ̀fun ẹ̀ pupa, ọ̀já dúdú wà láyà ẹ̀, kò wọ̀n ju bíi 20 gíráàmù lọ tó fi ré Sàhárà kọjá. Kò ní mọ ilé kankan síbí. Nírọ̀lẹ́ oṣù kẹwàá ẹ wojú wáyà iná àti orí esùsú, ẹ máa rí wọn.

Tísà_Ibeshe
Ẹ ṣé gan-an ni o. Bàbá, ẹ ṣeun sà, ọ̀rọ̀ omi yẹn là mí lójú. Mà, ẹ ṣeun. Ó jọ pé Bayeku láàárọ̀, oko ìrẹsì Itoikin lọ́sàn-án, la máa ṣe, Sátidé tó bá sún mọ́ àrànmọ́jú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé ká wọ ọkọ̀ ní Bayeku? Èkejì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ní òun rí ẹyẹ ńlá kan nítòsí jẹ́tì Ijede tó já látòkè ju ara ẹ̀ sómi, tó gbé ẹja dìde. Ṣé àwòdì ni?

Kunle_Ebute
Àwòdì ni jàre. Wọ́n pọ̀ lójú ọjà ẹja.

BabaApeja_Bayeku
Kì í ṣe àwòdì. Àwòdì ń já ẹja òkú lójú omi, á fẹsẹ̀ hán an, kì í rì. Ẹni tó bá rì sómi tó sì gbé ẹja láàyè, òun ni èyí tí a máa ń rí lórí igi àkànmọ́lẹ̀ àwọ̀n wa lásìkò yìí. Kì í bá wa jà, kì í ya àwọ̀n.

Alawo_Eye
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Osprey ni ọmọ yẹn rí, mo fẹ́ fọwọ́ sọ̀yà. Kò ní oúnjẹ mìíràn ju ẹja lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń ṣíwájú wọ omi, àwọn tó ń wá sápá ọ̀dọ̀ wa ń ti Jámánì, Sweden àti ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá. @Kunle_Ebute fi èyí yà wọ́n sọ́tọ̀: inú Osprey funfun, ìlà dúdú gba ojú ẹ̀ kọjá, ìrù ẹ̀ gé régé. Ti àwòdì, gbogbo ara ní àwọ̀ ilẹ̀, ìrù ẹ̀ là sí méjì. Tí ẹ bá rí Osprey lóṣù kẹfà náà ẹ má ṣiyèméjì, àwọn ọmọ ẹ̀ tó kọ́kọ́ wá kì í padà lọ́dún àkọ́kọ́, ibí ni wọ́n ń dúró sí títí wọ́n á fi gbó.

Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun tó máa ń dúró lójú òfúrufú kan tó ń lu ìyẹ́ kó tó fi orí já sómi, ìyẹn Pied Kingfisher, onílé ni.

Nọ́ọ̀sì_Ipakodo
Tísà, lórí ọkọ̀: tèmi ni pé kí ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Ọmọ ọlọ́mọ méjìlá àti tísà kan? Ẹ dúró létí omi, ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ tó yín.

BabaApeja_Bayeku
Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín mà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ń sá fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kì í sá fún ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, ojoojúmọ́ ló ń rí wa. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni kò dáa, ariwo ẹ̀ á lé gbogbo wọn. Ọkọ̀ alájẹ̀ lójú omi pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ mẹ́ta mẹ́ta, kò sóhun tó máa ṣe wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Ipakodo
Bàbá, ẹ̀yin mọ omi, àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara wọn mu ńkọ́? Ti àgbàlagbà ń yọ lọ́rùn ọmọdé. Tí kò bá sí èyí tó kan olúkúlùkù, tí òbí ò sì fọwọ́ sí ìwé, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má kan ọkọ̀. Àwọn kan gan-an ò lè wẹ̀. Ẹ tún rántí pé ojú omi ń yí padà tí ìjì òjò bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, oṣù kẹwàá ṣì ní ìjì. Òfin náà ò sì gbà kí ọkọ̀ èrò rìn lálẹ́.

BabaApeja_Bayeku
Ẹ̀ ń sọ òtítọ́ lórí ti jákẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá sí, kí wọ́n dúró sórí jẹ́tì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a fà sókè náà dáa láti sá pamọ́ sí, ẹyẹ ò ní rí wọn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ o, ibòmíì wà tó máa gbé ẹsẹ̀ dé itan.

Kunle_Ebute
Ọ̀rọ̀ bainókúlà: tí ẹ bá fẹ́ yá kún un, ẹ wo nọ́mbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀. 8x42 ló dáa jù fún ọmọdé. 10 ń fa nǹkan sún mọ́ni jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ọmọdé ń gbọ̀n, gbogbo nǹkan á máa jó lójú ẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú lásán rí ẹyẹ yẹn, kí ojú má kúrò lára ẹ̀, kí wọ́n wá gbé awò náà sójú. Ẹ lò ó nílé kí ọjọ́ tó pé. Ìmọ́lẹ̀ náà, oòrùn ń yọ bíi aago 6:30, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn yín, tí ẹ bá kọjú sí i gbogbo ẹyẹ á dúdú. Aṣọ pupa àti funfun kọ́ o, ẹ wọ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀.

Alawo_Eye
Kí ẹ má kàn wò ó kí ẹ padà sílé. Ẹ wa Merlin, ètò fóònù tó ń bá ni dá ẹyẹ mọ̀, sórí fóònù kan, ẹ ti wa àkójọ ẹyẹ ibi wa sílẹ̀ ní ilé, kò ní bèèrè dátà mọ́ lójú omi. Ẹ̀ẹ̀kejì, BirdLasser, ètò fóònù tí a fi ń kọ ẹyẹ tí a bá rí sílẹ̀, òun làwọn tó ń ṣe Nigerian Bird Atlas, máàpù ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, ń lò, APLORI, ilé ìwádìí ẹyẹ ní Jọ́ọ̀sì, ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí àpótí onígun mẹ́rin kéékèèké lórí máàpù, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 sí 9. Tí ẹ bá fi ó kéré tán wákàtí méjì wo inú ọ̀kan dáadáa, tí ẹ sì kọ gbogbo ẹyẹ tí ẹ rí bí ẹ ṣe ń rí wọn tẹ̀léra, lékeléke ò yọ sílẹ̀, ẹyẹ onílé àdúgbò náà ò yọ sílẹ̀, ìwé yẹn wúlò. Bayeku àti Itoikin ò ní sí nínú àpótí kan náà, ẹ ṣí ìwé tuntun tí ẹ bá ti kúrò.

Mò ń sọ ọ́ torí pé ọkọ̀ tó ń wa yanrìn pọ̀ létí ọ̀sà yìí, wọ́n sì ń kó o dà sórí àbàtà kọ́lé. Nàìjíríà ní àbàtà 11 tó wà lábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo àbàtà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Èkó. Tí kò bá sí ẹni tó kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ.

IyaAgba_Itoikin
Tísà tí ẹ bá dé Itoikin kí àwọn ọmọ má jù wọ́n lókò láti rí i kí wọ́n fò o. Ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kọjá aṣálẹ̀, ọ̀rá ara ẹ̀ ti tán, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lé e dìde, oúnjẹ ni wọ́n gbà lẹ́nu ẹ̀.

Wasiu_Bayeku
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bèèrè. Àwọ̀n bọ̀ọ̀dá mi mú tern kan nígbà kan, irin kékeré wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí. Wọ́n bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ṣé ó ní ìtumọ̀? Irin náà ṣì wà nílé.

Alawo_Eye
Ó ní gan-an ni Wasiu. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹyẹ ló ń fi sí wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tó lọ. Nígbà mìíràn kí wọ́n má bọ́ ọ, tí ẹyẹ bá ṣì wà láàyè kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ kí wọ́n tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Èyí tó wà nílé yẹn, fi aṣọ nu ẹrọ̀fọ̀ ara ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orúkọ ìlú tàbí ilé iṣẹ́ tó fi sí i sábà máa ń wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà. Kọ gbogbo lẹ́tà àti nọ́mbà náà, má fi ọ̀kankan sílẹ̀, bi bọ̀ọ̀dá ẹ ní oṣù àti ọdún tí wọ́n mú un, ibi tí àwọ̀n wà, kí o fi ránṣẹ́ lórí ìkànnì EURING. Àwọn ló ń gba ti gbogbo Yúróòpù. Wọ́n á kọ̀wé padà sọ ibi tí wọ́n ti fi irin náà sí i lẹ́sẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i.

Tísà_Ibeshe
Wasiu, ẹ jọ̀ọ́ tí ẹ bá ti nu irin yẹn ẹ fi fọ́tò ẹ̀ síbí. Màá fẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín kọ lẹ́tà náà.